Ọ̀já Ìyá Mi Lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mí, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kétu ni bàbá mi, Fọ̀n ni ìyá mi, ará Àgbómẹ̀. Mo máa ń kọ ìtàn àròsọ ní Yorùbá. Àwọn ará Nàìjíríà tó ka èyí tí mo kọ kẹ́yìn ní Yorùbá mi kò dá ṣáká, àwọn ará ilé wa ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tún fi òwe lé e, ó ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Pé kí n jáwọ́ nínú ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀ nípa obìnrin elépo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, torí n kì í ṣe obìnrin, n kò sì ta epo rí. Mo fi ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Oṣù mẹ́ta rèé tí n kò lè kọ ìlà kan sí i. Màmá, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ojúlówó ni ohun tí òun ń kọ? Kí la tilẹ̀ ń kọ ọ́ fún?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú làálàá. Oṣù mẹ́ta tí o kà yẹn ló dùn mí jù nínú ìwé rẹ. Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ ti ọ̀já kan fún ọ, torí ara ọ̀já yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kó tó yé mi pé ẹ̀kọ́ ni.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé wa kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí ìwọ náà mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì wọ agbo ilé wa, wọ́n kí àwọn ìyá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn wá yá aṣọ, pé ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá kan mú gèlè wá, òmíràn mú ìró. Ìyá tèmi wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé ọ̀já jáde. Ọ̀já aláró ni, ó dúdú minimini, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí rẹ̀. Igun rẹ̀ kan ti ya rí, ìyá mi sì fi òwú pupa rán an torí òwú dúdú tán nílé lọ́jọ́ náà. Mo mọ ọ̀já yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú àwọn ẹbí mi mìíràn lọ. Òun ni wọ́n fi pọ̀n mí. Òun ni wọ́n ṣì fi ń pọn àbúrò mi nígbà náà. Mo rò pé ìyá mi kò ní fi sílẹ̀. Ó fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ijó, a dúró láàárín èrò, ìlù ń dún, eruku ń sọ. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, gbogbo èèyàn ń wo ère orí rẹ̀: obìnrin arẹwà tó wé gèlè, tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí gèlè náà. Èmi kò wo orí. Ara ni mo ń wò. Wọ́n ti di aṣọ lé aṣọ, ọ̀já lé ọ̀já, títí oníjó náà fi tóbi bí abiyamọ tó bí mẹ́jọ, àyà yọ, ìdí yọ, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún wínrínwínrín. Bó ti yí ẹ̀yìn padà, mo rí i ní ìbàdí rẹ̀: òwú pupa. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Wo ọ̀já rẹ." Kò ní ọ̀já mi. Ó ní ọ̀já rẹ.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá a padà. Òórùn òógùn àti ti eruku wà lára rẹ̀. Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó sá a, nígbà tó gbẹ ó fi pọn àbúrò mi, ó gba oko lọ.

Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ọkùnrin ni oníjó yẹn. Ọmọdé tó wà lágbo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyà tó gbé síwájú, igi àti aṣọ ni. Ìró tó ró, ti aya ẹlòmíràn ni. Síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ayédèrú láyé mi. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ní ojú tó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ìran tí kò sí ìran lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ yíyá ni wọ́n fi ń ṣe é.

Òwe ọ̀rẹ́ rẹ, òótọ́ ni tó bá jẹ́ ti ṣòkòtò. Àmọ́ ro bí àwọn ọkùnrin méjì yẹn ṣe yá aṣọ. Ojúmọmọ ni wọ́n wá. Wọ́n kí ẹni tó ni ín. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ojú ẹni tó ni ín ni wọ́n ti jó o, níbi tó ti lè pariwo pé ẹ ti ba aṣọ mi jẹ́. Wọ́n sì dá a padà. Gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé, aṣọ yíyá ló wọ̀: èdè tí o fi ń kọ, ìwọ kọ́ lo dá a, ìtàn tí o ń sọ, ojú ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ rí i. Bí o ṣe yá a, àti bóyá o lè jó o lójú ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ojúlówó. N kò ní ìwọ̀n mìíràn.

Nípa ti àwọn tó ní Yorùbá rẹ kò dá ṣáká. O mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú wa so mọ́ orúkọ Kétu: "Ké tú iké? Ké fọ́ ìlú?" Ta ló lè tú iké abuké, ta ló lè fọ́ ìlú wa. "Ké" yẹn, "ta" ni. Kò sí nínú Yorùbá ilé-ìwé. Bí ẹnìkan bá ní kí òun fọ èdè wa mọ́, orúkọ ìlú wa ni yóò kọ́kọ́ bá omi lọ.

Èmi fúnra mi, ìwé méjì ni mo kọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin là ń lò: a ó kọ "ishɛ́", a ó kọ "ɔkpɛ́". Nígbà tó wù mí kí ará Ìmẹ̀kọ àti ará Abẹ́òkúta kà mí, mo kọ́ "iṣẹ́", mo kọ́ "ọpẹ́". Ohùn kan náà ló ń ti ọ̀fun jáde. Ìyá kan lè bí ọmọ méjì, kí ọ̀kan gbé ní Kétu, kí èkejì gbé ní Ìmẹ̀kọ tí kò jìnnà síra, kí wọ́n má lè ka ìwé ara wọn láìfajúro. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1889 ló la ààlà Benin àti Nàìjíríà kọjá láàárín wa. Wọn kò bi wá léèrè. Nítorí náà, bí ará òdìkejì bá ní ìwọ ò kọ ọ́ bó ṣe yẹ, má bínú sí i, má sì gbà fún un. Kò mọ̀ pé ìwọ náà nílé-ìwé.

Yorùbá tí wọ́n sì ń pè ní èyí tó dá ṣáká yẹn, wọ́n ṣà á jọ ni. Yorùbá inú Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn wà níbẹ̀. N kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ náà kù. Iṣẹ́ ńlá ni, mo ń jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ èèyàn ló ṣà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó kọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà, tó sì ṣe aṣojú Benin ní UNESCO, ẹni tó kú ní 2020, òun ló jẹ́ kí n rí i pé inú "ṣà" ni "àṣà" ti jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ "àṣà wa", ohun tí mo ń rí ni ìyá tó jókòó ti atẹ ẹ̀wà, tó ń ṣà á, tó ń fi òkúta sápá kan. Ẹni tó bá gba àṣà lọ́wọ́ baba rẹ̀ tí kò ṣà á, kò tíì gbà á. Ṣà. Jẹ́ kí ẹni tó ń sọ ìtàn náà sọ ọ́ ní Yorùbá tí ará Èkó àti ará Ṣábẹ̀ẹ́ yóò jọ gbọ́. Àmọ́ nígbà tí obìnrin elépo bá ya ẹnu, ẹnu tirẹ̀ ni kó fi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú èdè Gun àti Faransé tí Àjàṣẹ́ ti fi sí i. Má túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yóò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ti àwọn ará ilé ni kí o gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní o ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Wọ́n lè má mọ bí wọn ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀, etí wọn mọ̀ ọ́n. Mo ka ojú ewé tí o fi ránṣẹ́. O kọ ọ́ pé: "Ìbànújẹ́ ńlá kún inú ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń wo àwọn ìgò náà tí ń tàn nínú oòrùn bí àlá rẹ̀ tó ti sọnù." Ọmọ mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí ní Àjàṣẹ́? Àlá tó sọnù yẹn, Faransé ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́nu wa, àlá a máa ṣẹ, kì í sọnù. Ka gbólóhùn náà sókè fún ẹni tí kò lọ sílé-ìwé, kí o wo ojú rẹ̀. Kò ní bú ọ. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin sí i, o kọ ọ́ pé ó nu ẹnu àrọ sí ìró rẹ̀, ní ibì kan náà tó ti máa ń nù ún, níbi tí àwọ̀ ìró náà ti ṣí. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Mo dìde, mo mu omi. Ẹni tó kọ ìyẹn ti jókòó ti elépo kan rí, ó sì lajú. Àwọn méjèèjì wà lójú ewé kan náà, ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n. Èyí àkọ́kọ́, o kọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni ọ́. Èkejì, o gbàgbé ara rẹ.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀, èyí tó burú jù ú lọ. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó ń yan gàrí, opó ni. Mo kọ ìtàn nípa rẹ̀, mo yí orúkọ padà, mo rò pé mo ti ṣe é níre. Nínú ìtàn mi, obìnrin náà ń yan gàrí lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń rántí ọkọ rẹ̀, omijé ń kán sínú agbada. Àwọn èèyàn yìn mí. Wọ́n kà á lórí rédíò. Ẹnìkan ní òun sunkún. Ọmọ ìyá náà wá kà á fún un lẹ́yìn ilé, ibi tó ti ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ìwọ lo kọ eléyìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní, "Èéfín ni. Ọjọ́ tí mo sunkún ọkọ mi, n kò dáná."

Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Òun kò bínú. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo lọ ní ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ọwọ́ rẹ̀. Àfọ́kù igbá ló fi ń da gàrí, etí rẹ̀ ti jẹ tán, ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Á tì í lọ lẹ́ẹ̀mejì, á fà á bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fi ẹ̀yìn igbá tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ kì í sí nínú agbada rárá. Ó kọjú sápá òsì nítorí èéfín. Mo wá bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ ìgbà tó gbẹ, nígbà tí kò wò ó. Ó ní etí. Ó ní kí n di ojú. Gàrí tútù ń dún gbì, gbì, bí ẹni ń po amọ̀. Bó ti ń gbẹ, ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín, ó dà bí ẹsẹ̀ lórí iyanrìn, ó wá ń dún ṣááráá bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè. Ìgbà yẹn ló kó o sílẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tó ń tẹ́tí yẹn, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó kó o sílẹ̀ tán ló wá sọ, láìjẹ́ pé mo bi í, pé ọkọ òun fẹ́ràn gàrí tó bá yan kọjá díẹ̀, tó pọ́n. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sí ẹni tí òun ń yan irú ìyẹn fún mọ́. Àmọ́ nígbà mìíràn, ó ní, ọwọ́ òun a máa gbàgbé, agbada kan á pọ́n.

Mo tún ìtàn náà kọ. Omijé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ kà á fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ní àsìkò ọyẹ́ ni. Nígbà ọyẹ́, apá ọ̀tún ni mo máa ń kọjú sí." Mo tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣábẹ̀ẹ́. Ìyá tirẹ̀ kò yan gàrí rí láyé rẹ̀, aṣọ ló ń rán. Ó ní ọdún mẹ́fà rèé tí bàbá òun ti kú, ìyá òun ṣì ń ṣèèṣì gé ṣòkòtò gùn jù, torí bàbá òun ga. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo kọ omijé, àwọn èèyàn káàánú. Nígbà tí mo kọ gàrí tó pọ́n, ọmọ ẹlòmíràn rí ìyá rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún òǹkọ̀wé pé kó kọ ohun tó kan gbogbo ọmọ aráyé. N kò tíì pàdé gbogbo ọmọ aráyé. Ìyá kan tó ń fi etí yan gàrí ni mo pàdé, àwọn yòókù sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé.

O sọ̀rọ̀ ìyá rẹ tó jẹ́ Fọ̀n bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. O ti gbọ́ ìtàn ìdásílẹ̀ Kétu: nígbà tí àwọn baba ńlá wa, tí ọba Ẹdẹ ṣáájú wọn, dé ibi tí ìlú wà lónìí, wọn kò ní iná. Wọ́n ránṣẹ́ lọ bá ìyá arúgbó kan nítòsí, Ìyá Pánkú, Fọ̀n ni, òun ló fún wọn níná. Ààrò àkọ́kọ́ ní Kétu, ọwọ́ ìyá Fọ̀n ni iná rẹ̀ ti wá. Ní 1886, ogun Dàhómẹ̀ láti Àgbómẹ̀ wọ Kétu, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Fọ̀n fún wa níná, Fọ̀n fi iná sun wá. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan nínú méjèèjì tó fi èkejì pamọ́ kò tíì sọ ìtàn ìlú yìí. Nígbà tí Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892, àwọn tó kù nínú àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé láti tún ilé kọ́. Ìwọ ronú sí i. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń rìn bọ̀ ní ẹ̀yìn ìyá wọn, èdè wo ni wọ́n fi ń tọrọ omi lójú ọ̀nà? Inú ilé tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tún kọ́ ni a ti jáde. O ní etí méjì tí èmi kò ní. Ká ní èmi ni ọ́, orí rẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ̀wé lé.

Ní Bahia, ní Brazil, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú ṣì ń pe ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bọ òrìṣà ní Ketu. Potogí ni wọ́n fi ń rajà, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin sí òrìṣà, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní fojú kan Àkábà Ìdẹ́nà láé. Ìwọ náà ń kọjá níwájú mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí irú ilé Ọlọ́run tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn. Wọ́n kírun níbẹ̀, àdúrà sì gbà.

Ó wá ku kí la ń kọ ọ́ fún. Kí ijó ọ̀sán tó dé, òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru náà, kì í la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ìlú láìjúbà: ó júbà àwọn ìyá wa, ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn tó kọrin ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbà ló ń sọ ohun tí gbogbo wa ti ń sọ ní kọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá: ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ọmọ tó lọ sí Kútọnu tó gbàgbé ìyá. Ẹni tí orin ń bá wí wà lágbo, ó jókòó, torí bó bá dìde, ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Mo ti rí ọkùnrin kan tí orin kàn, ó rẹ́rìn-ín títí, ilẹ̀ mọ́, ó lọ san owó náà. Ìwé wa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, mo mọ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó máa dojú kọ.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun ìní ọmọ aráyé ní 2001, wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Inú mi dùn, mo ṣì ń yọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, mo rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n jó fún àlejò, ní ọ̀sán gangan, fún wákàtí kan, kámẹ́rà níwájú. Ijó náà dára. Ọwọ́ onílù kò yẹ̀. Ère náà tuntun. Mo ń wo àwùjọ, mo ń wá nǹkan kan tí n kò rí, ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó jẹ́: kò sí ìyá kankan níbẹ̀ tó ń wá ọ̀já rẹ̀ lára oníjó. Wọ́n ra àwọn aṣọ náà fún ijó ni.

N kò bú àwọn tó jó o. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé fún, ìyá tó ń wá ọ̀já rẹ̀ ni. Ìyá tèmi kò mọ̀wé. Ohun gbogbo tí mo kọ títí ó fi kú, mo kà á fún un ní ìdí ààrò, bó bá dé ibi tó mọ̀, á ní, "Tún ibẹ̀ kà." Kò yìn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gba ìyìn ní ilé ńlá, lẹ́nu àwọn tó wọ kóòtù. Kò sí èyí tó tó "tún ibẹ̀ kà" létí mi.

Nítorí náà, padà sídìí elépo rẹ. N kì í ṣe obìnrin, o wí. Ọkùnrin tó di ọ̀já ìyá mi náà kì í ṣe obìnrin. N kò ta epo rí, o wí. Èyí ni o lè tún ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé. Ra lítà kan. Jókòó tì í. Má mú ìwé kíkọ dání, foonu rẹ pàápàá, kó wà lápò. Wo bó ṣe ń fi aṣọ sẹ́ epo lẹ́nu àrọ, wo ohun tó máa ń kù sójú aṣọ náà. Wo ibi tó ń kó ìgò ńlá yẹn sí bí oòrùn bá ti yí. Bi í bí iye tó ń rà á ṣe yí padà láti ìgbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Yóò sọ ọ́ fún ọ dé orí fáráǹkì, torí òru ló fi ń ṣírò rẹ̀. Má bi í nípa iná tó jó ibi ìkópamọ́ epo ní Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, níbi tí ènìyàn tó lé ní 30 ti kú. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́ nígbà tó bá tó àkókò lójú rẹ̀, bóyá lẹ́yìn tí ó bá ti kó ìgò tó kẹ́yìn wọlé. Bí kò bá sọ ọ́, wo bó ṣe ń ṣe bí ẹnìkan bá tan ìṣáná nítòsí. Kí o sì sọ fún un pé ìtàn lo ń kọ. Ojúmọmọ ni wọ́n fi ń yá aṣọ.

Yọ ìbànújẹ́ ńlá kúrò. Yọ àlá kúrò. Bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibi tí àwọ̀ ìró ti ṣí.

Kọ ọ́ pẹ̀lú "ɛ" tàbí pẹ̀lú "ẹ", èyíkéyìí tó bá yá ọ lọ́wọ́. Mo lè ka méjèèjì. Nígbà tí o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi, inú mi yóò dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n kà á fún un ná.